Bí a ṣe lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti dá ẹ̀dá ìtàn tó ní ẹ̀mí

Olùkọ́ kan kọ̀wé sí mi báyìí: "Àwọn ọmọ ọdún 13 sí 15 ni mò ń kọ́ ní ìtàn kíkọ. Bí mo bá ní kí wọ́n ṣàpèjúwe ẹ̀dá ìtàn, gíga, àwọ̀ ara, irun àti aṣọ ni wọ́n máa ń tò lẹ́sẹẹsẹ, wọn á wá fi 'onínúure ènìyàn ni, ó sì mọ̀wé' kádìí rẹ̀. Mo fún wọn ní fọ́ọ̀mù oníbèéèrè 50, láti orí ọjọ́ ìbí ẹ̀dá ìtàn títí dé orí àwọ̀ tó fẹ́ràn jù. Wọ́n kọ ọ́ kún, síbẹ̀ nígbà tí ìtàn bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí mo rí níbẹ̀. Mo wá sọ fún wọn pé kí wọ́n yé sọ irú ẹni tí ẹ̀dá ìtàn jẹ́, kí wọ́n máa fi í hàn ni. Ìyẹn sọ ìtàn wọn di gígùn tí kò dé ibì kankan. Bí ìtàn bá sì fẹ́ parí, ọ̀dájú inú rẹ̀ á kàn ronú pìwà dà lójijì. Ṣé àwọn ọmọ yìí ni kò ní ẹ̀bùn ni, àbí ọ̀nà tí mò ń gbà kọ́ wọn ni kò dáa?"

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí ni mo máa ń bá pàdé jù lọ nínú ìtàn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ, inú mi sì dùn pé ẹ bèèrè dípò kí ẹ dá wọn lẹ́bi. Bí mo bá gbọ́ yín dáadáa, ohun mẹ́ta ló ń dùn yín: àpèjúwe tí kò ju àtòkọ lọ, ìtàn tó ń falẹ̀, àti ìyípadà tí kò ní ìdí. Wọ́n jọ ìṣòro mẹ́ta, ṣùgbọ́n gbòǹgbò kan ṣoṣo ni wọ́n ní. À ń ní kí àwọn ọmọ ṣàpèjúwe ènìyàn kí wọ́n tó mọ ohun tí ẹni náà ń wá. Ẹni tí kò wá nǹkan kan, tí nǹkan kan kò sì dí i lọ́nà, a lè ṣàpèjúwe rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní di ẹ̀dá ìtàn. Bó bá jẹ́ kíláàsì mi ni, ibẹ̀ ni mo máa ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn kúrò lọ́nà. Ọmọ tó lè sín olùkọ́ rẹ̀ jẹ lẹ́yìn kíláàsì, tó mú ohùn rẹ̀, tó mú ìrìn rẹ̀, tó mú bó ṣe máa ń yọ awò ojú kó tó bínú, ọmọ náà ti mọ ìfìwàwẹ̀dá, ìyẹn ọgbọ́n fífi ìwà hàn lára ẹ̀dá ìtàn. Ó rí ìwà, ó ṣà á lẹ́ṣà, ó sì gbé e kalẹ̀ débi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi dá ẹni náà mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ yìí kan náà ni yóò jókòó ti ìwé tí yóò kọ pé "ó ga, ó sì dúdú." Ilé ìwé ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń ka àkàyé ni a ti ń bi í pé irú ènìyàn wo ni lágbájá inú àyọkà, ìdáhùn tó sì ń gba máàkì ni ọ̀rọ̀ àpèjúwe kan tàbí méjì: olóòótọ́, ọ̀lẹ, akíkanjú. Ó ti gbà pé ènìyàn kò ju ìyẹn lọ. Fíìmù náà dá kún un. Bí kámẹ́rà ṣe ń rí ènìyàn ni ọmọ ṣe ń rí ẹ̀dá ìtàn tirẹ̀, ó sì fẹ́ da gbogbo ohun tó rí sórí ìwé. Ṣùgbọ́n ojú, aṣọ àti ìdúró ni kámẹ́rà ń gbé wá pa pọ̀ ní ìṣẹ́jú kan; ọ̀rọ̀ ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan ni. Bí a bá to ohun méje fún òǹkàwé, yóò ti gbàgbé èkíní kó tó dé ìkeje. Ìbẹ̀rù náà wà níbẹ̀, kí a má parọ́. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún ọmọ pé irun tó kọ kò tọ̀nà. Àtòkọ kò léwu, ó sì ń mú ojú ìwé kún.

Ní ti fọ́ọ̀mù tí ẹ fún wọn, kò burú, àkókò rẹ̀ ni kò tíì tó. Òtítọ́ kéékèèké tí ọ̀kan kò kan èkejì ni irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ ń kó jọ. Pé ọmọbìnrin kan fẹ́ràn àwọ̀ ewé, pé oṣù Kẹta ni wọ́n bí i, pé ó ní àbúrò méjì, èwo ló ń dà á láàmú nínú rẹ̀? Níbi tí òtítọ́ méjì bá ti forí gbárí ni ìwà ti ń yọjú. Ọmọbìnrin tó fẹ́ kí gbogbo ènìyàn gbà pé òun gbọ́n, tí kò sì lè kàwé sókè láìkólòlò, òun ni mo fẹ́ gbọ́ ìtàn rẹ̀, bí n kò tilẹ̀ mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́rin péré ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Kí ni ẹni yìí ń wá lónìí? Kí ló ń dí i lọ́nà? Kí ni kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ nípa òun? Kí ló ti sọ pé òun kò ní ṣe láéláé? Mo máa ń tẹnu mọ́ "lónìí" yẹn dáadáa, nítorí àwọn ọmọ á fẹ́ kọ pé "ó ń wá ayọ̀" tàbí "ó fẹ́ di ẹni ńlá." Kò sí bí ẹ̀dá ìtàn ṣe fẹ́ wọ yàrá kan lọ mú ayọ̀. Kí wọ́n sọ ọ́ di ohun tí ọwọ́ lè bà: ó fẹ́ gba lẹ́tà náà kí bàbá rẹ̀ tó rí i. Tí wọ́n bá ti kọ ìtàn náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè wá gbé fọ́ọ̀mù gígùn yẹn síwájú wọn, kí ẹni tó fi ọwọ́ òsì kọ̀wé ní ojú ìwé kejì má baà di ọlọ́wọ́ ọ̀tún ní ojú ìwé karùn-ún.

Ohun tí mò ń sọ yìí ti pẹ́ láyé. Aristotle, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Gíríìkì, tó gbé ayé ní ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn, fi ìṣẹ̀lẹ̀ ṣíwájú ìwà nínú ohun tó kọ nípa eré oníṣe, ó sì ní ìwà ni ohun tó ń fi yíyàn ẹni hàn. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo yíyàn ló ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀dá ìtàn bá ní láti yàn láàárín òótọ́ àti irọ́, tí òótọ́ kò sì ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó yan òótọ́, a kò tíì mọ̀ ọ́n. Bó bá wá jẹ́ pé òótọ́ náà ni yóò lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo kúrò nílé ìwé ńkọ́? Ohun yòówù tó bá ṣe nígbà náà, ìwà rẹ̀ á hàn, àní bó bá dákẹ́. Mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìṣẹ́jú yẹn nìkan, láìsí ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, láìsí ìparí. Ẹ máa rí i pé àwọn tí kì í kọ ju ìlà mẹ́rin lọ yóò kọ ojú ìwé kan, nítorí pé nǹkan wà lọ́wọ́ ẹ̀dá ìtàn láti ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wo àpèjúwe fúnra rẹ̀. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ báyìí: "Adé ga, ó dúdú, ojú rẹ̀ tóbi, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ó máa ń tètè bínú." Kò sí àṣìṣe kan níbẹ̀, kò sì sí Adé níbẹ̀. Ẹ bi í pé kí ni Adé ń wá lónìí. Ó lè ní Adé fẹ́ fi èsì ìdánwò rẹ̀ pamọ́. Ó dáa, ẹ ní kó tún un kọ. Ohun tó lè wá jáde rèé: "Adé ṣí ìwé náà, ó pa á dé, ó tún ṣí i. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ bi í bóyá ó yege, ó ní, 'Ta ló fi bàtà sójú ọ̀nà yìí?' Kò sí bàtà kankan lójú ọ̀nà." A kò tíì mọ bí Adé ṣe ga tó, ṣùgbọ́n a ti mọ̀ pé ó fìdí rẹmi, pé ojú ń tì í, pé tí ojú bá ti ń tì í, ìbínú ló máa ń fi bò ó. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣì fẹ́ ká mọ̀ pé Adé ga, ó lè kọ pé ó tẹ orí ba lábẹ́ àtẹ́rígbà bó ṣe ń sáré wọ yàrá rẹ̀. Gíga ti wọlé, ìtàn kò sì dúró dè é. Èyí ni mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ jù: àpèjúwe kì í ṣe ojú ewé àkọ́kọ́ tí a gbọ́dọ̀ là kọjá kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Inú ìṣe ló ń gbé.

Ohun mìíràn tó máa ń yà wọ́n lẹ́nu ni pé kò sí àpèjúwe tí kò ní ẹni tó ń wò. Ẹ ní kí ọkùnrin kan wọ yàrá, kí ẹni mẹ́ta sì rí i. Ẹni tó yá a lówó á wo bàtà tuntun ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tó ti ń dúró dè é láti àárọ̀ á wo ojú rẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun sáré lọ dì mọ́ ọn tàbí kí òun jókòó jẹ́ẹ́. Aránṣọ á rí i pé wọ́n ti tún ọwọ́ ẹ̀wù náà rán, pé ẹni tó rán an kò mọ̀ ọ́n rán. Ọkùnrin kan náà ni, ṣùgbọ́n ìwé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àti pé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tí a mọ̀ jù ni ẹni tó ń wò. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti mọ ẹni tó ń wò, kò ní nílò kí a máa sọ fún un pé kó dín àpèjúwe kù. Ojú ẹni náà ni yóò bá a ṣà á. Méjì tó yẹ, àti ọ̀kan tí kò bá àwọn tó kù mu, máa ń tó fún ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá pàdé ẹnì kan.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dúró lé gan-an. Nínú ìtàn àwọn ọmọ, ojú ẹni burúkú kì í dára. Àpá á wà lójú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan á kúrú, ojú rẹ̀ kan á fọ́, nígbà tí arẹwà yóò máa jẹ́ ẹni rere. Wọn ò fi ìkà ṣe é, àwọn ìtàn tí wọ́n ti gbọ́ ni wọ́n ti kó o. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì yẹn gan-an, ó ṣeé ṣe kí ọmọ kan wà tí àpá wà lójú rẹ̀, tó ń gbọ́ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń ka ìtàn wọn sókè. Mi ò ka èyí sí ọ̀rọ̀ kékeré rárá. Kì í sì í ṣe inúure nìkan ló mú mi sọ ọ́, nítorí pé ara tí a fi rọ́pò ìwà ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Bí àpá bá ti sọ fún wa pé ìkà ni, òǹkọ̀wé kò ní wá ohun tí ìkà náà ṣe mọ́. Ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ ara àwọn méjèèjì, kí ẹni rere gba àpá, kí ìkà gba ẹwà. Bí ìkà náà bá ṣì jẹ́ ìkà lẹ́yìn rẹ̀, ohun tó ṣe ló sọ ọ́ di ìkà. Bí kò bá jẹ́ ìkà mọ́, akẹ́kọ̀ọ́ náà ti rí i fúnra rẹ̀ pé òun kò tíì kọ nǹkan kan nípa ìwà.

Nípa òfin "má sọ ọ́, fi í hàn" tí ẹ mẹ́nu bà, ìmọ̀ràn tó wúlò ni, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di òfin. Fífi hàn máa ń fa àkókò gùn; sísọ máa ń ká a kò. Ìtàn nílò méjèèjì. "Fún ọdún méjì, kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀." Sísọ gbáà nìyẹn, ó sì lágbára. Bí ẹ bá ní kí ọmọ fi ọdún méjì náà hàn, ọjọ́ lọ́jọ́, ìyẹn ló ń bí ìtàn gígùn tí kò dé ibì kankan. Ibi tí nǹkan ti fẹ́ yí padà ni kí wọ́n fi hàn, kí wọ́n sọ ìyókù kíá. Òfin yìí tún ní àbùkù kan tí kò hàn lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ náà "ẹ̀rù" léèwọ̀, gbogbo ẹ̀dá ìtàn kíláàsì yín á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, àyà wọn á máa lù kìkì. Òógùn kì í fi ìwà hàn, nítorí gbogbo ara ló ń làágùn. Kí ni ẹni yìí máa ń ṣe bí ẹ̀rù bá bà á, tí àbúrò rẹ̀ kò ní ṣe? Ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé orí tábìlì. Òmíràn á máa sọ̀rọ̀ láìdákẹ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá rí irú rẹ̀, kó kọ "ẹ̀rù bà á" kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ó sàn ju òógùn àyálò lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹnu kò gba àlàyé púpọ̀. Kí wọ́n fi ọwọ́ bo orúkọ àwọn tó ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n wò ó bóyá wọ́n ṣì lè mọ ẹni tó sọ èwo. Bí gbogbo wọn bá ń sọ̀rọ̀ bákan náà, kò tíì sí ẹni méjì níbẹ̀.

Ó ku ìyípadà, èyí tó ṣòro jù. Ní 1927, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nì, E. M. Forster, pín ẹ̀dá ìtàn sí oríṣi méjì: àwọn tí gbólóhùn kan tó láti fi ṣàlàyé wọn, àti àwọn tó lè yà wá lẹ́nu tí a ó sì gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àwa olùkọ́ ti wá sọ ìpín yìí di ọ̀rọ̀ rere àti búburú, pé oríṣi àkọ́kọ́ kò dára. Òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní wọ́n wúlò, wọ́n rọrùn láti dá mọ̀, a kì í sì í gbàgbé wọn. Nítorí náà, ẹ má fipá mú gbogbo ẹ̀dá ìtàn yí padà. Aṣọ́nà tó ń ṣí géètì ní ìlà mẹ́ta kò nílò ìtàn ìgbà èwe. Nínú ìtàn ojú ìwé mẹ́rin, ẹnì kan tó yí padà ti tó, àní ẹnì kan tí àǹfààní láti yí padà dé bá tó sì kọ̀ ọ́, ó ti tó. Kíkọ̀ yẹn pẹ̀lú jẹ́ ìdàgbàsókè ìtàn.

Ìrònúpìwàdà òjijì tí ẹ ń rí, ìdí méjì ló ní. Àwọn ọmọ gbà pé ìtàn gbọ́dọ̀ kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ kan kó tó parí, àwa náà sì máa ń fi máàkì yìn wọ́n fún un. Ìdí kejì ni pé ọ̀dájú náà kò pàdánù ohunkóhun. Ìyípadà tí kò gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn, òǹkàwé kì í gbà á gbọ́. Ohun tí mo máa ń lò nìyí: kí ìbéèrè kan náà wá bá ẹ̀dá ìtàn lẹ́ẹ̀mẹta, láti ẹnu ẹni mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Adé. Àbúrò rẹ̀ bi í nípa ìdánwò, ó sọ ọ́ di ìjà bàtà. Ìyá rẹ̀ bi í, ó purọ́, ìyá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹbí láti fún wọn ní ìròyìn ayọ̀ náà. Irọ́ ti tóbi ju Adé lọ báyìí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó yege wá bi í, pẹ̀lú ẹ̀rín, láìmọ nǹkan kan. Kí ni Adé máa ṣe? Mi ò fẹ́ kí olùkọ́ dáhùn ìyẹn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ní Adé jẹ́wọ́, tí òmíràn ní ó gbé ìjà ko ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì ti kọ ìtàn, nítorí pé ìdáhùn kẹta kò lè wáyé láìsí àwọn méjì tó ṣáájú. Bí wọ́n bá lè yọ ìran ìkejì, ibi tí ìyá rẹ̀ ti bi í, kúrò tí ìparí kò sì yẹ̀, ìyípadà náà kò tíì ní ẹsẹ̀ tó fi dúró.

Bí a ṣe ń ka iṣẹ́ wọn náà ṣe pàtàkì. Mi ò kì í gba ìtàn odindi lọ́wọ́ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìpínrọ̀ kan ni mo ń gbà, wọ́n á sì tún un kọ. Bí ẹ bá fi bírò pupa tún gírámà rẹ̀ ṣe nígbà àkọ́kọ́, gírámà nìkan ni ọmọ máa tún ṣe. Ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà kejì. Ẹ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpínrọ̀ náà kà, kó sọ ohun kan tó mọ̀ nípa ẹ̀dá ìtàn tí òǹkọ̀wé kò kọ síbẹ̀. Bó bá sọ pé "ojú ń tì í," tí òǹkọ̀wé kò sì kọ ọ̀rọ̀ náà, ìwà ti hàn nìyẹn. Bí kò bá rí nǹkan kan sọ, kò sídìí fún ìbáwí, iṣẹ́ ṣì kù. Ọ̀nà yìí ṣeé lò nínú kíláàsì tó kún, nítorí pé olùkọ́ nìkan kọ́ ló ń kàwé.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ìmọ̀ràn mi dé. Bí ìdánwò tí àwọn ọmọ yín ń lọ ṣe bá ń fi máàkì fún ọ̀rọ̀ àpèjúwe, n kò lè ṣèlérí pé ìran Adé yóò gba máàkì ju "ó ga, ó dúdú" lọ. Ẹ kọ́ wọn ní méjèèjì, kí ẹ sì sọ èyí tó jẹ́ ti ìdánwò fún wọn ní gbangba. Èkejì, kò sí eré kíláàsì tó lè dípò ìwé kíkà. Ọmọ tí kì í ka ìtàn á kọ́ ọgbọ́n wọ̀nyí, ṣùgbọ́n kò ní tètè gbọ́ ibi tí gbólóhùn rẹ̀ ti yẹ̀, sáà ẹ̀kọ́ kan kò sì lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ̀kẹta, àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀bùn wọn wà nínú ìṣẹ̀lẹ̀ àti ẹ̀rín, tí ẹ̀dá ìtàn onígbólóhùn-kan sì bá ohun tí wọ́n ń kọ mu. Ẹ má fi tipátipá sọ wọ́n di nǹkan mìíràn.

Ọ̀rọ̀ tó kù jẹ mọ́ ààbò wọn. Bí a bá ní kí ọmọ kọ ohun tí ẹ̀dá ìtàn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, àwọn mìíràn á kọ ti ara wọn tàbí ti ilé wọn. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé àtinúdá ni kí wọ́n kọ, pé kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni ka tirẹ̀ sókè, kí ẹ má sì bi wọ́n bóyá òótọ́ ni níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Bí ohun tí ẹ kà bá mú kí ẹ rò pé ọmọ kan wà nínú ewu, ẹ gbé máàkì tì, kí ẹ lọ bá ẹni tí ilé ìwé yín yàn fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.